Láti Agogo Akéde dé WhatsApp: Ìtàn Ìkìlọ̀ Ewu ní Ìgbómìnà Ọ̀ṣun

Ní 28 September 2025, àwọn agbébọn kọlu Òkè-Odé ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ìpínlẹ̀ Kwara, wọ́n sì pa àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó tí iye wọn lé ní mẹ́wàá. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní 18 November, àwọn agbébọn tún ya wọ ilé ìjọsìn CAC kan ní Erúkù, ní Kwara kan náà, nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, tí ìjọ náà sì ń gbé ìsìn ọ̀hún jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ rárá tí àwòrán ìkọlù náà fi kárí ayé. Ìgbómìnà ni Òkè-Odé, Ìgbómìnà náà ni Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti Ọ̀tan Ayégbajú. Ààlà tí ìjọba fà sáàárín Kwara àti Ọ̀ṣun kò ya ẹbí nípa, kò sì ya igbó nípa. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ìkìlọ̀ ti di ohun ojoojúmọ́ lórí ẹ̀rọ alágbèéká àwọn ará Ìgbómìnà Ọ̀ṣun, àti ti àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti lókè òkun: ẹ má gba ọ̀nà báyìí, wọ́n ti rí wọn nínú igbó lọ́hùn-ún, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ bá mọ̀.

Àwọn kan gbà pé ẹ̀mí ni irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà là. Àwọn mìíràn ní jìnnìjìnnì lásán ló ń dà bo ìlú. Ohun tí ìtàn ilẹ̀ Ìgbómìnà kọ́ wa ni pé àríyànjiyàn yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ. Kì í ṣe ohun èlò tó gbé ìkìlọ̀ dé ló ń sọ ọ́ di ire tàbí ibi. Ìkìlọ̀ tó ń gbani ní ẹni tó ni ín, ẹni tí ìlú mọ̀ tí wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ń sọ ibi tí ọ̀ràn wà àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ó ń sọ ohun tí kálukú yóò ṣe, ó sì ní ọjọ́ tí wọn yóò ká a nílẹ̀. Àwọn baba wa kò fi èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ṣeré. Àwa ni a gba ohun èlò tó yá ju tiwọn lọ, tí a sì jẹ́ kí ìlànà wọn bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ìlú tó mọ ewu ni Ìlá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi yé wa pé ìran Ajagùnnlà, ọmọ Odùduwà, ló tẹ̀ ẹ́ dó, àti pé Ìlá-Yàrá ni olú-ìlú wọn kí ìjà oyè tó pín wọn sí méjì, tí apá kan fi dúró sí Ìlá-Ọ̀ràngún, tí apá kejì sì lọ sí Òkè-Ìlá láàárín àwọn òkè. Aribidesi Usman, onímọ̀ nípa àwókù ìlú àtijọ́, ti ṣe ìwádìí ní Ìlá-Yàrá, àwókù odi ìlú sì wà lára ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà gbé jáde. Odi nìkan kì í ṣọ́ ìlú, ènìyàn ló ń ṣọ́ ọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ alóre ni láti wo ọ̀nà jíjìn, iṣẹ́ oníbodè ni láti mọ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, iṣẹ́ ọdẹ sì ni láti mọ ohun tó ń rìn nínú igbó lóru. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé ìròyìn wá, ìlú mọ ẹni tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, wọ́n mọ ibi tó wà nígbà tó rí ohun tó rí, wọ́n sì mọ ilé tí wọn yóò bá a bí ọ̀rọ̀ náà bá di irọ́. Ẹni tó kìlọ̀ fún ìlú ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún ìkìlọ̀ náà.

Sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ló fi ìwúlò ètò yìí hàn jù lọ. Ìlọrin ń tẹ ilẹ̀ Ìgbómìnà láti àríwá, Ìbàdàn ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn sì jókòó sí ìlú púpọ̀ ní Èkìtì àti Ìgbómìnà, ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ó ń jẹ gàba. Nígbà tí Fábùnmi, jagunjagun Òkèmẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tó wà níbẹ̀ ní 1878, kò sí wáyà, kò sí rédíò, síbẹ̀ ìròyìn náà tàn láti ìlú dé ìlú, àwọn ìlú mìíràn sì dìde. Ohun tó tẹ̀lé e ni Èkìtìparapọ̀, ìparapọ̀ àwọn ìlú tó dìde sí Ìbàdàn, tí Ìlá wà nínú rẹ̀, àti ogun Kírìjì. Àdéhùn àlàáfíà wáyé ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni tí kò tètè gbọ́ lè di ẹrú kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó ń bẹnu àtẹ́ lu gbogbo ìkìlọ̀ lónìí ní láti rántí èyí: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ìran tó la àkókò yẹn já sì mọ̀ pé òótọ́ ni.

Àkókò kan náà ló kọ́ wọn pé ìjáyà ń pani bí idà ti ń pani. Ní 1 November 1878, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá pàdé ogun Ìbàdàn nítòsí Ìkirun, Ìbàdàn sì ṣẹ́gun wọn. Jálumi ni wọ́n ń pe ogun náà títí dòní, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sá àsálà ló já sínú omi Ọ̀tìn. Ogun ló kọ́kọ́ lé wọn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àìmọ̀ ibi tí ọ̀nà gbà àti àìrí ẹni tí yóò darí wọn ló jẹ́ kí odò pa àwọn tí ọta kò bá. Ìtàn yìí yẹ kó wà lọ́kàn gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ké pe ìlú pé kí wọ́n sá. Ẹni tó sọ fún ènìyàn pé kó sá, tí kò sọ ibi tí yóò sá sí, iṣẹ́ ìlàjì ló ṣe, ìlàjì tó kù sì lè jẹ́ ikú.

Nígbà àlàáfíà àti nígbà rògbòdìyàn, akéde ló ń gbé ọ̀rọ̀ ààfin dé etí ìlú. Ó yẹ ká fara balẹ̀ wo bó ṣe ń ṣe é. Ìdájí ló máa ń jáde, kí àwọn ènìyàn tó gba oko lọ, tàbí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti dé. Yóò dúró ní oríta, yóò lu agogo títí ariwo ilé yóò fi rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni ẹni tó rán an: Kábíyèsí kí yín o. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, yóò sọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, yóò sọ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe, yóò sì sọ ọjọ́ tí òfin náà yóò dópin. Yóò tún un sọ kí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa lè gbọ́, yóò sì kọjá sí àdúgbò kejì, láti Ìsẹ̀dó dé Ìpẹ̀rìn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà láìfi ti ara rẹ̀ kún un. Bí ewu bá kọjá, agogo kan náà ni yóò dún láti sọ fún wọn pé ó ti kọjá. Àrokò tí ọba kan ń fi ránṣẹ́ sí ọba kejì náà ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀: ẹni tó gbà á mọ ẹni tó fi ránṣẹ́, ó mọ ohun tó túmọ̀ sí, ó sì mọ èsì tó yẹ kó fi padà. Ó ṣòro fún ẹni tí a kò mọ̀ láti fi orúkọ ọba ìlú pa irọ́ ní oríta níṣojú gbogbo ìlú.

Ẹnì kan lè sọ pé mo ń ṣe ayé àtijọ́ lẹ́wà ju bó ṣe rí lọ. Ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ètò àtijọ́ lọ́ra, ẹsẹ̀ ènìyàn ló sì gbé e. Aláṣẹ lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún ìlú nítorí àǹfààní ara rẹ̀. Àhesọ kò sì dúró de íntánẹ́ẹ̀tì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pani. Ní 2001, kí GSM tó dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ariwo pé àwọn kan ń fi ìfọwọ́kàn gba nǹkan ọmọkùnrin mú kí ènìyàn 12, ó kéré tán, kú lọ́wọ́ àwọn èrò tínú ń bí ní Nàìjíríà. Ní 2004, àhesọ mìíràn gbòde pé bí ènìyàn bá gbé ìpè láti orí àwọn nọ́ńbà kan, yóò ṣubú lulẹ̀ yóò sì kú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún fóònù ara wọn. Mo gba gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó so àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà pọ̀: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti ẹnu akéde jáde. Àhesọ tí kò ní baba ni gbogbo wọn. Wọn kò ba ìlànà àtijọ́ jẹ́, ẹ̀rí ni wọ́n jẹ́ fún un.

Ìtàn ìjọba amúnisìn sì fi ẹ̀gbẹ́ mìíràn kún ọ̀rọ̀ náà. Ní September 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn ọ̀fìnkìn tó ń jà káàkiri ayé dé Èkó. Kò ṣòro láti mọ orísun ìkìlọ̀ tó jáde nípa rẹ̀, ìjọba ló ni ín, àwọn wolé-wolé ló sì ń gbé e kiri. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò fọkàn tán wọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọn yóò kó àwọn aláìsàn lọ, wọn yóò sì da ilé rú, nítorí náà ọ̀pọ̀ sá kúrò ní Èkó, wọ́n sì gbé àrùn náà lọ́wọ́ gba ojú irin àti ojú ọ̀nà wọ inú ilẹ̀ lọ. Ojú irin yẹn ló gba Òṣogbo àti Ìkirun kọjá sí Ọ̀fà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí a mọ ẹni tó ni ìkìlọ̀ kò tíì tó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ìwà rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá ti jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbà á gbọ́. Nígbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935, tó dé Ìbàdàn ní 1939, tí ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ ní 1959, ohùn tó ń kìlọ̀ ti kúrò ní oríta, ó ti wọ inú ilé. Síbẹ̀, olùgbọ́ mọ orúkọ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ó mọ ilé iṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀, àtúnṣe sì ń bọ̀ láti orí ìkànnì kan náà bí àṣìṣe bá wáyé.

GSM tó wọ orílẹ̀-èdè yìí ní August 2001, àti WhatsApp àti Facebook tó tẹ̀lé e, ló yí ọ̀rọ̀ padà. Gbogbo ènìyàn di akéde, kò sì sí ẹni tí ọba rán. Ẹ jẹ́ ká gbé irú ìkìlọ̀ tó wọ́pọ̀ yẹ̀ wò: Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má ṣe gba ọ̀nà Ìlá sí Òkè-Ìlá lónìí, wọ́n ti wà níbẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ kíákíá. Ta ló kọ ọ́? A kò mọ̀. Ta ni “wọ́n”? Kálukú yóò fi ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á dí àlàfo náà. Ọ̀rọ̀ tó léwu jù nínú rẹ̀ ni “lónìí”. Lónìí akéde ń kú pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́, nítorí ohùn kì í dúró. Lónìí inú WhatsApp kì í kú. Ẹni tó rí i lọ́jọ́ kẹta yóò kà á bíi pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà ń lọ lọ́wọ́, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò pe ìyá rẹ̀ ní òru, ẹlòmíràn yóò sì gbé e jáde lẹ́yìn ọdún kan, ọ̀nà náà yóò sì tún dá. Kò sí ẹni tí yóò lu agogo pé ó ti kọjá, nítorí kò sí ẹni tó gbà pé òun ni òun kọ́kọ́ lù ú.

Ọdún 2014 fi apá méjèèjì hàn wá pa pọ̀. Ní 20 July, Patrick Sawyer gbé Ebola wọ Èkó láti Liberia. Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn First Consultants kò jẹ́ kó jáde, ẹ̀mí Adadevoh sì bá a lọ ní 19 August. Láàárín àkókò yẹn, ọ̀rọ̀ kan jáde lórí fóònù ní òru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí Ebola má bàa mú wọn. Àwọn òbí jí ọmọ wọn lójú oorun láti wẹ̀ fún wọn. Ìròyìn sọ pé ó kéré tán ènìyàn méjì ló kú nítorí iyọ̀ àmujù, àwọn mìíràn sì dèrò ilé ìwòsàn. Ìfẹ́ ló ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́, a kò lè sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n lórí àwọn ìkànnì ayélujára kan náà, àwọn dókítà àti òṣìṣẹ́ ìlera fi orúkọ ara wọn àti ti ilé iṣẹ́ wọn sọ àmì àrùn náà, wọ́n fi nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè síta, wọ́n sì kéde pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ iyọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpa ènìyàn tó tó 894 tí wọ́n ti súnmọ́ àwọn aláìsàn, wọ́n sì lọ sí ilé wọn bí ìgbà 18,500. Ènìyàn 20 ló ní àrùn náà, mẹ́jọ kú, àjọ ìlera àgbáyé WHO sì kéde ní 20 October pé Nàìjíríà ti bọ́. Ohun èlò kan náà ló gbé ikú, òun náà ló gbé ìyè. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló yàtọ̀, bóyá ó ní orúkọ tàbí kò ní.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní One Million Boys ní April 2020 le díẹ̀ ju ìyẹn lọ, nítorí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ìjọba àpapọ̀ ti ti Èkó àti Ògùn pa láti 30 March nítorí kòrónà, ebi ń pa ènìyàn, àwọn ọmọ ìta sì jalè ní àwọn ibì kan lóòótọ́. Àwọn ọlọ́pàá mú àwọn kan. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ orí WhatsApp mú kí àwọn ará àdúgbò tí kò sí olè kankan ní ìtòsí wọn máa sun táyà ní òru, kí wọ́n fi àdá àti igi dúró sí ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹni tó bá ní kí a kàn sọ pé àhesọ ni, kò sọ òótọ́ tán, nítorí ìṣọ́ náà dáàbò bo àdúgbò mìíràn. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ẹni tí yóò sọ ibi tí olè wà àti ibi tí kò sí. Nítorí náà, gbogbo ìlú bẹ̀rù lọ́gbọọgba, àwọn tí ewu wà lẹ́nu ọ̀nà wọn àti àwọn tí kò sí ohun tó ń lé wọn, agbára àwọn ọlọ́pàá sì pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ní ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ga jù lọ kò bọ́ nínú ìṣòro yìí. Facebook gbé ètò tí ènìyàn fi ń sọ fún ẹbí rẹ̀ pé àlàáfíà ni òun wà jáde ní October 2014. Wọ́n lò ó fún Paris ní November 2015, àwọn ènìyàn bínú pé wọn kò lò ó fún Beirut, nígbà tí bọ́ǹbù sì pa ènìyàn tó lé ní 30 ní Yola ní 17 November ọdún kan náà, wọ́n ṣí i fún Nàìjíríà. Ìtura ńlá ni fún ẹni tí ẹbí rẹ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ní December 2016, ètò kan náà kéde ìbúgbàù ní Bangkok nígbà tí kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ní Hawaii, ní 13 January 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù pé ohun ìjà olóró ń bọ̀, ó sì gba ìṣẹ́jú 38 kí wọ́n tó fi àtúnṣe ránṣẹ́ lórí fóònù kan náà. Òṣìṣẹ́ lè ṣe àṣìṣe, kò sí ìlú tí èyí kò lè bá. Ohun tí Hawaii kò ní lọ́jọ́ náà ni ọ̀nà tó ti wà nílẹ̀ láti fi tètè ká ọ̀rọ̀ náà padà. Ó ní akéde, kò ní agogo ìparí.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni pé ó sàn kí ènìyàn sá lásán ní ìgbà mẹ́wàá ju kó kọ̀ láti sá ní ìgbà kan tó jẹ́ òótọ́. Ẹni tó rántí Ọ̀fà ní 5 April 2018, nígbà tí àwọn adigunjalè ya wọ báńkì, tí wọ́n sì pa àwọn ará ìlú àti ọlọ́pàá, kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí, èmi náà kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sísá lásán kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní Ìlá, ẹlẹ́mu ń gun ọ̀pẹ ní ìdájí, àgbẹ̀ ń lọ sóko kí oòrùn tó mú, ọlọ́jà ń gbé ẹrù láti ìlú dé ìlú. Ìkìlọ̀ tí kò ní ibi, tí kò ní ọjọ́, ń ti gbogbo wọn mọ́lé, ìkórè ń bàjẹ́ nínú oko. Ó tún ń jẹ́ kí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ di ọ̀tá: Fúlàní tó ti ń gbé láàárín ìlú láti ọjọ́ pípẹ́, arìnrìn-àjò tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọn kò dá mọ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ìlú tó bá ti sá lásán ní ìgbà mẹ́wàá kì í sá ní ìgbà kọkànlá. Ìpayà èké ń jẹ ìgbẹ́kẹ̀lé tí ìkìlọ̀ òótọ́ yóò nílò run. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀mí ènìyàn gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ bá ìkìlọ̀ aláìlórúkọ jà.

Àwọn mìíràn ní kí ìjọba kúkú fi òfin dè é. A ti gbìyànjú rẹ̀ wò. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tó jáde ní 2015 ní apá kan tó ka fífi irọ́ ránṣẹ́ láti dá wàhálà sílẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn akọ̀ròyìn àti alárìíwísí ni wọ́n sábà fi ń mú. Ní June 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa, kò sì ṣí i títí di January 2022. Kóòtù ECOWAS wá sọ ní July 2022 pé ohun tí wọ́n ṣe kò bófin mu. Nígbà tí ìjọba bá ti ẹnu ọ̀nà òtítọ́, àhesọ ń gba ojú fèrèsé wọlé. WhatsApp náà dín iye ẹni tí a lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kù sí márùn-ún ní 2019, ní April 2020 ó sì dín ti ọ̀rọ̀ tó ti kọjá lọ́wọ́ ènìyàn púpọ̀ kù sí ẹyọ kan, ilé iṣẹ́ náà sì sọ pé ìrìnkèrindò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dín kù ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n dídá ẹsẹ̀ àhesọ dúró kò ní kí òótọ́ ní ẹsẹ̀. Kò sí òfin tàbí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó lè bá Ìgbómìnà yan ẹni tí wọn yóò gbà gbọ́.

Àwa fúnra wa la ní láti yàn án, ohun èlò rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀. Ọ̀ràngún Ìlá wà, Ọ̀ràngún Òkè-Ìlá wà, Ọwá Ọ̀tan wà, Asáọ̀ni Ọ̀rà wà. Àwọn ọdẹ wà, Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní January 2020 wà, ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá, Ìfẹ́dayọ̀ àti Bólúwadúró wà, rédíò Ọ̀ṣun sì wà fún ẹni tí kò ní fóònù tó ń gba WhatsApp. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìkànnì kan ṣoṣo tí ìkìlọ̀ ewu yóò ti máa jáde, kí ẹni tó ń kọ ọ́ sì fi orúkọ àti ipò rẹ̀ sí i. Kí ọdẹ tàbí ẹ̀ṣọ́ tó wà lójú ọ̀nà fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ kó tó jáde. Kí ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ àti wákàtí, kí ó dárúkọ ojú ọ̀nà tàbí oko tó kàn, kí ó sọ ohun tí wọn yóò ṣe àti nọ́ńbà tí wọn yóò pè. Dandan ni kí ẹni tó fi í síta tún jáde láti sọ pé ewu ti kọjá, tàbí pé àṣìṣe ni, láìtijú.

Ìpín tiwa tó kù kò wúwo. Bí ìkìlọ̀ bá dé ọwọ́ rẹ láìní orúkọ, láìní ọjọ́, láìní ibi, má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Pe ẹnì kan tó wà nítòsí ibẹ̀, béèrè, kí o tó sọ̀rọ̀. Bí ìwọ fúnra rẹ bá rí ewu pẹ̀lú ojú ara rẹ, má dákẹ́: sọ ọ́ fún ẹ̀ṣọ́ àti fún ìlú, fi orúkọ rẹ sí i, sì padà wá sọ bó ṣe parí. Ìkìlọ̀ orí ayélujára wúlò, Ìgbómìnà sì nílò rẹ̀ ní àkókò yìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èyí tí kò ní olúwa nìkan ni kí a kọ̀.